Ọjọ́ Kan ní Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Kí n tó sọ ohun tó gbé mi dìde, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè méjì. Ta ló ti dé Kùtọnú ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ rí nínú wa? Ẹ nawọ́. Ẹ ṣeun, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ gbogbo ilé. Ó dáa. Ta ló ti sùn mọ́jú rí ní Àjàṣẹ́?

Ọwọ́ mẹ́ta péré ni mo rí. Nítorí ìyẹn gan-an ni mo ṣe gbà láti wá sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí.

Bí ẹ ṣe wà yìí ni èmi náà ṣe wà fún ọdún púpọ̀. Mo ti gba ọ̀nà yẹn lọ sí Lòmé, mo ti gbà á lọ sí Accra, n kò sì yà sí Àjàṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ la mọ̀. Ẹ ó kọjá Àgbádárìgì, wọn ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà yín ní Kíráké, ọkọ̀ á sì máa na ẹ̀bá òkun lọ tààrà. Ó níbi tí ọ̀nà kan ti yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn awakọ̀ wa kì í tẹ bíréèkì níbẹ̀, àwa náà kì í sì í béèrè ibi tó lọ. Ọ̀nà olú-ìlú ni o. Kùtọnú tí à ń sáré lọ yẹn kọ́ ni olú-ìlú.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, Àjàṣẹ́ tí mò ń wí kì í ṣe Àjàṣẹ́-Ìpo ní ìpínlẹ̀ Kwara. Àjàṣẹ́ Ilé ni, tí àwọn Ègùn tó ni ààfin ibẹ̀ ń pè ní Họ̀gbónù, tí àwọn Pọtogí sì sọ ní Porto-Novo. Òfin ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ ọ́ ní abala kìíní rẹ̀ pé Porto-Novo ni olú-ìlú. Síbẹ̀, Kùtọnú ni ààrẹ ń gbé. Kùtọnú ni iléeṣẹ́ àwọn mínísítà wà, àti àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè, àti pápákọ̀ òfurufú, àti èbúté ọkọ̀ òkun. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2013, Kùtọnú ní 679,012, Àjàṣẹ́ ní 264,320. Ohun tó kù sọ́wọ́ Àjàṣẹ́ nínú oyè náà ni ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí wọ́n jẹ́ 109, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, àti ilé tí wọ́n ń kó àkọọ́lẹ̀ orílẹ̀-èdè náà pa mọ́ sí. Àwọn tó ń ṣòfin, àwọn tó ń dájọ́, àwọn tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́. Owó àti ariwo wà lọ́dọ̀ àbúrò.

Báwo la ṣe wá débẹ̀? Ábíjàn là ń lọ, àwa mẹ́ta: èmi, ẹ̀gbọ́n mi tí mò ń pè ní Bọ̀dá, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn. Láti Èkó dé Ábíjàn lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà. A ti pinnu pé ọkọ̀ èrò la ó máa wọ̀ láti ibodè dé ibodè, nítorí Bọ̀dá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀ náà. A ní ará kan láti kí ní Ìpókíá, ìyẹn ló mú wa gba Ìdírókò dípò Sẹ̀mẹ̀. Ọjọ́ yẹn le. Ọkọ̀ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, òjò pa wá, wọ́n sì ń dá wa dúró lójú ọ̀nà títí tí a ò fi kà á mọ́. Nígbà tí a ó fi kọjá Ìgólò, ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹsẹ̀ Bọ̀dá sì ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. A dé Àjàṣẹ́, a wá ilé tí wọ́n ti ń gbàlejò, ó jókòó sórí ibùsùn, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀la sinmi níbí."

Inú mi kò dùn. Mo ti fi ọkàn sí i pé etí òkun Lòmé ni a ó ti sinmi. Mo sùn pẹ̀lú ìbínú.

Ní òwúrọ̀, kí n tó lajú dáadáa, ohùn ẹni tó ń polówó ẹ̀kọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo dìde jókòó. Mo mọ̀ pé mo ti kọjá ibodè, mo mọ̀ pé owó sẹ́fà ló wà lápò mi, ohùn tí mò ń gbọ́ sì ni ohùn tí ìyá mi àgbà fi ń jí wa nílé. Mo jáde. Ìyá náà ti tẹ́ àtẹ sí ẹnu ọ̀nà: ẹ̀kọ nínú ewé, àkàrà, àti wàrà díndín nínú ata.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Èló lẹ̀kọ?"

"Ẹ káàárọ̀ o. Èkó lẹ ti wá."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, mà?"

"Ẹ ò tíì jókòó tí ẹ ti ń béèrè iye. Ẹ jókòó ná. Ṣé ẹ̀ ń lọ síbì kan ni?"

Mo ní rárá, à ń sinmi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi omi nu àga kékeré kan, ó tì í sọ́dọ̀ mi. Bí mo ṣe jókòó tì í nìyẹn fún wákàtí méjì, mo ń wò ó bó ṣe ń ta ọjà ní èdè mẹ́ta. Ó ń bá ọlọ́kadà sọ Gùn, èdè àwọn Ègùn, ó ń bá ọmọléèwé sọ Faransé, ó wá yíjú sí mi, ó ń bá mi sọ Yorùbá tí ohùn rẹ̀ rọ̀ ju tiwa lọ. Ọ̀rọ̀ kan tó sọ kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní àbúrò òun ń gbé Ọ̀tà. Nígbà tí wọ́n ti ibodè pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ àbúrò náà ti sún mọ́lé, aṣọ ẹbí ti wà nílé. Wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ti Ìdírókò di oṣù Kẹrin ọdún 2022. "Ọmọ tí wọ́n bí nínú ìgbéyàwó yẹn," ó ní, "ó ti ń rìn kí n tó rí i."

Ibodè tí à ń wí yìí kò tíì pẹ́ láyé. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tó pín ilẹ̀ náà. Àwọn tí wọ́n pín kò sí níbẹ̀. Ìlú Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ọba kan náà ni wọ́n ń sìn. Àwọn Ègùn Àgbádárìgì àti Ègùn Àjàṣẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè méjì. Mo ti ka èyí níléèwé. N kò gbọ́ ọ yé títí dìgbà tí obìnrin kan fi aṣọ ẹbí tí kò rí wọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Nígbà tí oòrùn rọ̀ díẹ̀, tí ẹsẹ̀ Bọ̀dá náà sì fà wálẹ̀, a rìn lọ sétí ọ̀sà. Ibi tí mo fẹ́ dúró lé lórí jù lálẹ́ yìí nìyí, ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Ọ̀sà Àjàṣẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, omi rẹ̀ dúdú díẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àwọn apẹja wà lórí rẹ̀. Omi yẹn kan náà ló ń bá ẹ̀yìn Àgbádárìgì lọ títí dé Èkó. Kí ọ̀nà ọ̀dà tó wà, ojú omi yìí ni ọ̀nà. Ní ọdún 1752, Pọtogí kan tó ń jẹ́ Eucaristo de Campos gúnlẹ̀ síbẹ̀, ó sì sọ ibẹ̀ ní Porto-Novo, èyí tó túmọ̀ sí èbúté tuntun. Kí ni wọ́n fẹ́ máa kó ní èbúté tuntun? Ènìyàn. Ta ló sì ń kó wọn wá? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní ayé Aláàfin Abíọ́dún, tó jọba láti nǹkan bí ọdún 1774 sí 1789, Àjàṣẹ́ ni èbúté tí Ọ̀yọ́ gbójú lé láti ta ẹrú fún òyìnbó. Àjàṣẹ́ ń sin Ọ̀yọ́, àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ ló ń darí ènìyàn wá síbẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ fọ́, ogun gba gbogbo ilẹ̀ wa, ó kan àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn, wọ́n sì kó wọn gba ojú omi kan náà yìí àti ti Èkó lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíl.

Mo dúró níbẹ̀, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ìlú yìí ti mọ èrò tipẹ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ènìyàn fi ń gba ibẹ̀ kọjá láì sùn ju òru díẹ̀ lọ, a sì dè wọ́n mọ́lẹ̀ ní àwọn òru náà. Èmi tí mo bínú nítorí pé wọ́n ní kí n sinmi níbẹ̀ ní òmìnira, ojú tì mí.

Ní Bàhíà, Nàgó ni wọ́n ń pè àwọn ènìyàn wa. Àwọn Mùsùlùmí àárín wọn ni wọ́n ń pè ní Malê, ẹ sì mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá: ìmàlé ni. Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1835, nínú oṣù Ramadan, wọ́n dìde sí àwọn olówó wọn ní Salvador, olú-ìlú Bàhíà. Ìjọba ibẹ̀ ṣẹ́gun wọn. Wọ́n pa òmíràn, wọ́n na òmíràn, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ jáde kúrò nílẹ̀ náà padà sí Áfíríkà. Àwọn mìíràn tí wọn kò sí nínú ìjà náà ti ra ara wọn padà. Àwọn náà wá ọkọ̀. Bí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà láti Bràsíl, ṣe dé Èkó, Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ nìyẹn. Bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà, télọ̀ wà.

Láti etí ọ̀sà a gòkè lọ sí mọ́sálásí ńlá. Bọ̀dá ló kọ́kọ́ dúró. Ó ní, "Ṣé a kò ṣìnà? Ṣọ́ọ̀ṣì lèyí." Òótọ́ ni, ẹni tó bá ti rí àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà, yóò mọ ojú ilé náà: òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe, ọwọ̀n tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri, àwọ̀ oríṣiríṣi tí òjò ti fọ̀ títí tí wọ́n fi rọ̀. Ọdún 1912 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bàbá àgbà kan jókòó sábẹ́ ibòji, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. A kí i, ó dáhùn ní Yorùbá. Bọ̀dá bi í léèrè pé kí ló dé tí mọ́sálásí fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá náà kò kánjú. Ó ka ìlẹ̀kẹ̀ tó ń kà tán. Ó ní, "Ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n kọ́ ni wọ́n kọ́. Àwọn bàbá wọn ló bá òyìnbó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n délé, ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n fi kọ́ ilé Ọlọ́run tiwọn. Ṣé kí wọ́n gé ọwọ́ náà ni?"

A kò rí ohun kan sọ. Ẹ ronú sí i. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n tà gba orí omi Àjàṣẹ́ lọ, ó kọ́ṣẹ́ lóko ẹrú, ó padà sórí omi kan náà, kò kọjá mọ́. Ó dúró. Ó fi iṣẹ́ tó kọ́ nínú ìyà kọ́ ibi tí yóò ti máa forí balẹ̀. N kò mọ ilé mìíràn tó sọ ìtàn tó gùn tó èyí láì lo ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀yin ará Èkó ní irú rẹ̀: mọ́sálásí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, ọwọ́ Àgùdà kan tó ń jẹ́ João Baptista da Costa ló kọ́ ọ. Ẹ tún lọ wò ó pẹ̀lú ojú tuntun.

Títí dòní, ẹ ó bá ìdílé da Silva, Paraíso, d'Almeida ní Àjàṣẹ́. Ọmọ ìdílé bẹ́ẹ̀ lè máa jẹ́ orúkọ Pọtogí, kó máa kírun wákàtí márùn-ún, kó máa sọ Yorùbá nílé, Gùn lọ́jà, Faransé níléèwé. Kò sí èyí tó ń jà nínú wọn. Ilé musíọ́mù da Silva wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí ohun èlò àti àwòrán àwọn tó padà wá náà.

Bí mo bá ní kí n sọ gbogbo ohun tí a rí, ilẹ̀ á mọ́ bá wa. Àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Akron; ìtàn ìlú sọ pé àwọn ọdẹ mẹ́ta láti ilẹ̀ Yorùbá ló tẹ̀ ẹ́ dó, nígbà tí wọ́n rí ohun abàmì olórí mẹ́sàn-án tó jáde láti inú òkìtì ọ̀gán. Abessan ni wọ́n ń pè é, ojúbọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Te-Agbanlin dé láti Alada, tó sì dá ìjọba àwọn Ègùn sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlú náà fi ní orúkọ Yorùbá àti orúkọ Gùn, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi ọ̀kan lé èkejì jáde.

Ààfin àwọn ọba náà, Honmè, ti di musíọ́mù. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ó nípọn, ó tutù nínú. Níbẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọba Toffa, tó gun orí oyè ní ọdún 1874, tó wà níbẹ̀ títí tó fi wàjà ní ọdún 1908. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Bẹ̀nẹ̀ ń bú Toffa, nítorí òun ló fa Faransé mọ́ra lòdì sí Béhanzin ọba Dàhòmì. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 1890, Faransé àti àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kojú ara wọn ní Atchoukpa, lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Béhanzin wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Martinique.

Èmi kò lè bá wọn bú u tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Ní ọdún 1861, ọdún kan náà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ọkọ̀ ogun wọn yìnbọn lu Àjàṣẹ́, iná jó ìlú. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Ọba Sodji ti Àjàṣẹ́ ti kọ́kọ́ sá sábẹ́ àbò Faransé. Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ ní ìlà-oòrùn, Dàhòmì ń bẹ ní àríwá, ọ̀sà ń bẹ lẹ́yìn. Ọba tó bá wà láàárín wọn, ta ni yóò sá bá? Àbò náà sì jẹ ìjọba rẹ̀ run: lẹ́yìn Toffa, Faransé kò fi ẹnikẹ́ni joyè ọba mọ́, wọ́n kàn ń yan olórí tó wà lábẹ́ wọn ni. Ohun tí wọ́n fi dípò rẹ̀ ni pé ní ọdún 1900 wọ́n fi Àjàṣẹ́ ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Dàhòmì tí wọ́n kó sábẹ́ wọn, èyí tó ń jẹ́ Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ibẹ̀ ni oyè náà ti wá. Ìlú náà kò sì dákẹ́ fún wọn; ní ọdún 1923 àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀ láti san owó orí tí wọ́n fi kún un, wọ́n sì lé Louis Hunkanrin, olùkọ́ àti akọ̀ròyìn tí wọ́n bí níbẹ̀, lọ sí aṣálẹ̀ Mauritania fún ọdún mẹ́wàá.

Ẹnì kan á bi mí pé, bó bá jẹ́ olú-ìlú láti 1900, kí ló dé tí Kùtọnú fi borí rẹ̀? Omi náà ni. Ọ̀sà dára fún ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, kò gba ọkọ̀ òkun. Kùtọnú wà létí òkun gan-an. Faransé kọ́ afárá ìgúnlẹ̀ wọ inú òkun níbẹ̀ ní ọdún 1891, ojú irin wá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sókè, wọ́n sì ṣí èbúté ńlá ní 1965. Ibi tí ẹrù bá ti ń sọ̀, ibẹ̀ ni ilé owó ń lọ, ibi tí ilé owó bá wà, ìjọba á bá a lọ. Côte d'Ivoire náà ṣe irú rẹ̀ ní òdìkejì: ní 1983 wọ́n kéde Yamoussoukro ní olú-ìlú, ìṣòwò kò sì kúrò ní Ábíjàn. Ti Àjàṣẹ́ yàtọ̀ ní ti pé kò sí ẹni tó kéde ohunkóhun. Iṣẹ́ ló rọra ń jáde, orúkọ sì dúró.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kò tẹ̀lé wa lọ sí ààfin. Songhai ló fẹ́ rí. Ọ̀kadà ló gbé e lọ sí Wàndó. Zémìjàn ni wọ́n ń pè é, èyí tó túmọ̀ sí gbé mi kíákíá, wọ́n sì ń pe awakọ̀ rẹ̀ ní kẹ̀kẹ́nọ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa níbẹ̀, kẹ̀kẹ́. Songhai ni oko ẹ̀kọ́ tí àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan, ọmọ Nàìjíríà, Godfrey Nzamujo, dá sílẹ̀ ní ọdún 1985 lórí ilẹ̀ héktà kan. Ọmọ náà dé ní ìrọ̀lẹ́, kò lè jókòó. Ó ní wọn kì í da ohunkóhun nù níbẹ̀: ìgbẹ́ adìẹ ń bí ìdin, ìdin di oúnjẹ ẹja, omi ẹja ń lọ sórí ẹ̀fọ́, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì tí wọ́n fi ń dáná. Ó ti kọ ìwé kékeré rẹ̀ kún. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ wà níbí tí ẹ̀ ń wá ibi tí ẹ ó ti kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa.

Kí n má gbàgbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní ilé musíọ́mù Alexandre Sènou Adandé, ẹ ó rí orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí ẹ ṣe máa rí i ní Kétu tàbí ní Ìmẹ̀kọ. Nígbà tí UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun àjogúnbá ayé ní ọdún 2001, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Togo ni wọ́n kọ orúkọ wọn pọ̀ sí i. Ìlà 1889 kò rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pín.

Wọ́n tún fi ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun hàn wá. Francis Kéré, ọmọ bíbí Burkina Faso, ló ya àwòrán rẹ̀, ó sì mú un láti ara igi ńlá tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti fi ọ̀rọ̀ jomi toro ọ̀rọ̀. Inú mi dùn sí i pé Àjàṣẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí, pé wọn kò gbé e lọ sí Kùtọnú.

Lálẹ́, iná kò pọ̀ ní àdúgbò tí a sùn sí. A jẹ amíwò pẹ̀lú adìẹ, a jókòó síta. Ìyá ẹlẹ́kọ ń palẹ̀ mọ́. Agogo kan dún lọ́nà jíjìn, ó ní Zangbétọ̀ ni, àwọn ẹ̀ṣọ́ òru tí aṣọ wọn jẹ́ ìkó láti orí dé ilẹ̀. Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì mọ̀ ọ́n. Bọ̀dá na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àga, ó ń wòkè. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èmi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó tó ọgbọ̀n ìgbà tí mo ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Ibo gan-an ni mò ń kánjú lọ?"

Ilẹ̀ mọ́, a wọ ọkọ̀ Kùtọnú, nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà. Ìyá ẹlẹ́kọ di ẹ̀kọ mẹ́fà fún wa, kò gba owó méjì nínú rẹ̀. A rí Lòmé, a rí Accra, a dé Ábíjàn. Gbogbo wọn dára, ọjọ́ mìíràn ni mo lè sọ̀rọ̀ wọn.

Nígbà tí à ń bọ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọkọ̀ tí yóò gbé wa dé Èkó tààrà la wọ̀ ní Kùtọnú. A ti sanwó dé Èkó. Bí a ṣe ń sún mọ́ ibi tí ọ̀nà ti yà, Bọ̀dá gbá èjìká awakọ̀ pẹ́pẹ́, ó ní kó já wa síbẹ̀. Awakọ̀ náà wẹ̀yìn, ó yà á lẹ́nu. Ó ní, "Bàbá, Àjàṣẹ́ nìyẹn o. Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Bọ̀dá ti gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Ó ní, "A fẹ́ lọ sùn."